Dírọ́ọ̀mù Ọ̀dà Tó Di Afárá

Lọ́dún tí owó Údójì, àfikún owó oṣù, bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, kò sẹ́ni tí kì í ra nǹkan. Ẹni tí kò ní ju ẹní lọ ra bẹ́ẹ̀dì, ẹni tó ní rédíò tẹ́lẹ̀ ra tẹlifíṣọ̀n. Ilé ń hù n'Ìgàndó bí olú. Ṣùgbọ́n ohun gbogbo tí èèyàn bá rà ló ní ohun tí wọ́n fi dì í. Páálí, agolo mílíìkì, ìgò òfìfo, àfọ́kù búlọ́ọ̀kù, gbogbo rẹ̀ ló ń balẹ̀ sí ààtàn etí odò, níbi tí ọ̀nà Ìkọ̀tún ti sọdá omi.

Mọ̀dínátù, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Sìkírá, ni ẹnìkan ṣoṣo tó mọ ààtàn yẹn dáadáa. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, epo pupa ló ń tà. Ibẹ̀ ló ti ń ṣa ìgò tó ń rọ epo sí, yóò fi iyanrìn àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́ títí yóò fi máa dán. Àwọn obìnrin kan máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tó di oṣù kẹfà, òjò ńlá kan rọ̀. Pàǹtí dí ojú odò pa, omi sì bo ọ̀nà mọ́lẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni Ọmọ́wùnmí, aya tíṣà ará Èkìtì tó ń gbé ilé kejì sí ti Mọ̀dínátù, bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Onítáksí wo omi, ó ní òun kò lè kó mọ́tò òun wọ inú rẹ̀. Mọ̀dínátù ní kí wọ́n yọ ilẹ̀kùn ilé ìdáná òun wá. Orí ilẹ̀kùn yẹn ni wọ́n tẹ́ aboyún sí, tí òun àti àwọn ọkùnrin àdúgbò fi gbé e la omi tó mù wọ́n dé ìbàdí. Wọn ò tíì rìn jìnnà ní òdìkejì tí ọmọ fi ké. Mọ̀dínátù fúnra rẹ̀ ló gbẹ̀bí rẹ̀, lábẹ́ igi máńgòrò, ìyá yè, ọmọ yè.

Nígbà tó ń padà bọ̀, ó dúró sí bèbè, aṣọ rẹ̀ ṣì ń ro omi. Ó rí i pé omi ti gbé páálí àti ewé lọ, ṣùgbọ́n àfọ́kù búlọ́ọ̀kù kò mira. Ó tún wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, níbi tí àwọn tó ń la títì kó dírọ́ọ̀mù ọ̀dà òfìfo dà sí nígbà tí wọ́n ń lọ. Kò kọjá sílé, ọ̀dọ̀ Nùrẹ́nì wẹ́dà, tó ń jó irin pọ̀, ló gbà lọ.

Ó ní, “Nùrẹ́nì, tí o bá gé ìdí àwọn dírọ́ọ̀mù yẹn, tí o sì jó wọn mọ́ ara wọn, ṣé omi ò ní gba inú wọn kọjá?”

Ẹ̀rín bọ́ sí Nùrẹ́nì lẹ́nu. “Yóò gbà á, Ìyá Sìkírá. Ọkọ̀ náà á gba orí rẹ̀, tí a bá ṣáà rí nǹkan tó le tẹ́ ẹ lórí.”

“Nǹkan tó le wà ní ààtàn.”

Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti jẹ́ kí àdúgbò gbádùn. Ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Àwọn kan ní ìjọba ló ni epo rọ̀bì, kí ìjọba wá ṣe é. Ó bi wọ́n pé ṣé ìjọba ló wá gbẹ̀bí Ọmọ́wùnmí. Nígbà tó yá, wọ́n pé jọ síwájú mọ́ṣáláṣí, tíṣà ọkọ Ọmọ́wùnmí sì bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n fẹnu kò pé àwọn yóò ṣe afárá náà fúnra àwọn. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má da nǹkan pọ̀ mọ́: agolo àti ìgò ní ọ̀tọ̀, àfọ́kù búlọ́ọ̀kù ní ọ̀tọ̀, èépá iṣu àti ewé nínú agbọ̀n. Àwọn tó ń ra agolo àti ìgò ń ti Dopemu wá kó tiwọn, owó tí wọ́n san ni àdúgbò fi ra gáàsì tí Nùrẹ́nì fi ń jó irin. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín Mọ̀dínátù tẹ́lẹ̀ wá ń bá a du ìgò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni ọ̀dọ̀ Bàbá Babárìndé. Ọmọ onílẹ̀ ni, oko ẹ̀fọ́ rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ odò, ó sì ránṣẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ri irin kankan mọ́ ibẹ̀. Inú bí àwọn èèyàn, wọ́n ní bàbá náà burú. Mọ̀dínátù nìkan ló lọ bá a. Ó kúnlẹ̀. Ó ní kí bàbá jọ̀ọ́, kí wọ́n fi ibi tí omi ń gbà nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé han òun.

“Láti ìgbà tí ẹ ti ń kọ́lé síbí,” bàbá ní, “ìwọ lo kọ́kọ́ bi mí ní nǹkan.”

Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó sì mú un lọ. Odò kì í gba ibi tó ń gbà yìí tẹ́lẹ̀. Apá òsì ló máa ń yà sí, kí ó tó dé oko. Ààtàn ló bo ojú rẹ̀ àtijọ́, tó wá ń darí omi sórí ẹ̀fọ́ bàbá lọ́dọọdún. Ìdí tó fi ń bínú nìyẹn. Wọ́n fẹnu kò pé ibi tí ojú odò àtijọ́ ti dábùú ọ̀nà ni dírọ́ọ̀mù máa wà, àti pé gbogbo èépá inú agbọ̀n, oko bàbá ni yóò máa lọ, kó jẹrà síbẹ̀ di ilẹ̀dú.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n dáwọ́ lé e. Àfi bíi pé wọ́n ń ṣọdún. Ọkùnrin ń gbẹ́ ojú odò àtijọ́, obìnrin to ara wọn láti ààtàn dé etí omi, wọ́n ń na àfọ́kù búlọ́ọ̀kù síra wọn lọ́wọ́. Bàbá Babárìndé dé pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, kálukú gbé ọkọ́ dání. Nígbà tí wọ́n yí ọ̀wọ́ dírọ́ọ̀mù tí Nùrẹ́nì ti jó pọ̀ wọ inú kòtò, tí ó bọ́ sáyè rẹ̀ gbìì, ariwo sọ. Wọ́n da àfọ́kù lé e, wọ́n da yẹ̀pẹ̀ pupa lé àfọ́kù.

Wọn ò tíì gún yẹ̀pẹ̀ náà tán tí òjò fi ṣú. Àwọn kan fẹ́ sá.

“Kí lẹ ń sá fún?” Bàbá Babárìndé ní. “Ṣebí òjò náà la torí rẹ̀ ṣe é.”

Ni òjò bá dé. Omi pupa ya wálẹ̀, ó sì ń gùn, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń jáde ní òdìkejì. Tìmùtìmù àtijọ́ kan ló ti sé ẹnu dírọ́ọ̀mù. Mọ̀dínátù ká ìró rẹ̀ sókè, ó fi okùn so ìbàdí, ó ní kí Nùrẹ́nì di okùn mú, ó sì bọ́ sínú omi. Ó fà, kò wá. Ó fi ẹsẹ̀ ti dírọ́ọ̀mù, ó tún fà. Tìmùtìmù já wá lẹ́ẹ̀kan náà, omi sì rọ́ wọ inú irin, ó ń hó bí ọkọ̀ ojú irin tó ń kọjá l'Ágége. Nùrẹ́nì fa òun náà gòkè, àwọn méjèèjì ṣubú sínú ẹrẹ̀.

Ẹnìkan pariwo láti òdìkejì pé ó ti jáde. Gbogbo wọn sáré lọ wò ó. Omi ń tú jáde, ó sì yà sí òsì, jẹ́jẹ́, bí bàbá ṣe wí. Bàbá bẹ́ sókè bí ọ̀dọ́mọkùnrin.

Wọ́n parí gígún yẹ̀pẹ̀ nínú òjò yẹn. Nígbà tí ó dá, ọkọ̀ akóṣu kan tí awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Akínlẹ́yẹ ń wà dúró sí òdìkejì, ó ń wo ojú wọn. Mọ̀dínátù ṣẹ́wọ́ sí i pé kó máa bọ̀. Ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ iwájú kọjá. Tẹ̀yìn kọjá. Akínlẹ́yẹ tẹ fèrè, kò sì dáwọ́ rẹ̀ dúró títí ó fi wọ àárín Ìgàndó.

Kí ọ̀sẹ̀ tó yípo, àwọn àgbà Ìṣẹ̀rí-Olófin wá kan ilẹ̀kùn Mọ̀dínátù. Wọ́n ní àwọn náà ní odò, àwọn sì ní ààtàn. Ó gbé gèlè rẹ̀, kò tíì wé e tán tó fi jáde. Ó ti ń ṣàlàyé lọ lójú ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ ń fò níwájú wọn, àwọn àgbà yẹn sì ń sáré kí wọ́n lè bá a.