Ilẹ̀ Tí Kò Lórúkọ

Roheem ọkọ mi fi ọ̀kadà gbé èrò kan ní Ṣáṣá, láìmọ̀ pé igbó ló kún àpò rẹ̀. Èrò sá lọ, ọlọ́pàá mú ọlọ́kadà. Wọn ò tíì dá a lẹ́jọ́, ó ti ń ṣẹ̀wọ̀n! Kóòtù ní kò sí béèlì, àfi tí ẹni tó níwèé ilẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀ bá dúró fún un.

Bàbá Ọdẹkúnlé, mọ́gàjí wa, dìde. "Olúwa mi, ilẹ̀ wa dé etí odò, ṣùgbọ́n ti ẹbí ni. Lábúlé wa, sàréè nìkan ló máa ń ní orúkọ ẹnì kan lára. Ṣé ká dúró dìgbà tí Roheem bá ní tirẹ̀ ni?"

Adájọ́ ti ìwé béèlì síwájú.

"Bàbá, ẹ wá fọwọ́ síwèé. Orúkọ tiyín tó."