Alukoro Àwọn Elégàrí Jọ́gà

Bí ẹ bá rí fọ́tò ẹgbẹ́ elégàrí Jọ́gà lórí Wásáàpù, ẹ ó rò pé ọkọ̀ òfuurufú ló ń wá kó gàrí wọn lọ sókè òkun. Toheebat ló ń ya àwọn fọ́tò náà. Òun ni alukoro ẹgbẹ́, ọmọbìnrin tó kàwé ní Pólì Ìlaró, tó sì padà wálé wá bá àwọn ìyá méjìlá tó ń yan gàrí ṣiṣẹ́. Ó lè to àpò mẹ́rin kalẹ̀ kó dà bí ogójì lójú ẹni tó ń wò ó.

Fọ́tò wọ̀nyí ni Ọ̀gbẹ́ni Cornelius rí. Òun ló ń kó oúnjẹ fún àwọn ilé ìwé mẹ́ta kan ní Ìlaró tí àwọn ọmọ ń gbé inú wọn. Ó pe Toheebat pé òun ń bọ̀ ní Ọjọ́rú wá tọ́ gàrí wọn wò, pé bó bá tẹ́ òun lọ́rùn, ọ̀dọ̀ wọn lòun yóò máa rà á lóṣooṣù. Ẹgbẹ́ náà kò ní irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ rí. Ọjà ni wọ́n ń ru gàrí lọ, bí ọjà bá tutù, wọn a tún rù ú padà wálé.

Toheebat fẹ́ kí ibẹ̀ dùn ún wò. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó ní kí Ẹ̀gbọ́n Bàrúwà, tó ń bá wọn tọ́jú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́, kun ẹ̀rọ náà ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé. Bàrúwà kì í ṣe iṣẹ́ àbọ̀. Ó kun ara ẹ̀rọ, ó kun ẹsẹ̀ rẹ̀, ó kun ibi tí ẹ̀gẹ́ ń gbà wọlé, ó tún ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú lọ́hùn-ún. Ẹ̀rọ ń dán yinrinyinrin. Láàárọ̀ Àbámẹ́ta, wọ́n da ẹ̀gẹ́ sí i, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n kó o sábẹ́ jáàkì kí omi rẹ̀ ro.

Màmá Àṣíáwù, olórí ẹgbẹ́, kò sí nílé ní gbogbo àkókò yìí. Ó lọ bá ọmọ rẹ̀ wẹ ìkókó ní Ayétòrò. Ọ̀sán Ìṣẹ́gun ló dé, nígbà tí gàrí ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná. Ó bu díẹ̀ jù sẹ́nu. Ó dúró, ó sì tu ú dànù.

"Ẹ̀yin èèyàn yìí, ṣé gàrí lẹ yan ni, àbí ilé lẹ fẹ́ kùn?"

Bàrúwà ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Toheebat náà bu díẹ̀, òórùn ọ̀dà sì gba imú rẹ̀ kan. Ọ̀la ni àlejò ń bọ̀.

"Màmá, ẹ jẹ́ n gun ọ̀kadà lọ sí Ìmàṣàyí. Mo máa ra gàrí tó dáa níbẹ̀, ká dà á sínú àpò tiwa. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Ì bá dára ká ní ìyá náà pariwo mọ́ ọn. Kò pariwo.

"Ọmọ mi, á tọ́ ti Ìmàṣàyí wò, á sì fẹ́ràn rẹ̀. Oṣù tó ń bọ̀ tá a bá wá gbé tiwa fún un ńkọ́? Ìwọ lò ń bá wa sọ̀rọ̀ níta. Ohun tó o bá wí fún un, gbogbo wa la wí i."

Toheebat lọ dúró sábẹ́ igi kajú pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Ẹ̀rù bà á gidigidi. Bí ọkùnrin yìí bá lọ, òun ni ìyá méjìlá yóò máa wò lójú. Síbẹ̀ ó pè é.

"Ẹ káàsán sà. Toheebat ni, láti Jọ́gà. Gàrí tá a ṣe dè yín ti bàjẹ́. Èmi ni mo ní kí wọ́n kun ẹ̀rọ nítorí fọ́tò, ọ̀dà sì wọ inú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá lọ́la. Ẹ fún wa di Ọjọ́rú tó ń bọ̀."

"Mo ti gbọ́," ni ọkùnrin náà wí, ó sì pa fóònù.

Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n bo gàrí náà mọ́lẹ̀. Toheebat àti Bàrúwà fi yanrìn ha inú ẹ̀rọ títí ọwọ́ wọn fi bó, wọ́n pààrọ̀ irin tó ń lọ ẹ̀gẹ́ sí tuntun. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ látorí ẹ̀gẹ́ bíbó.

Nígbà tí Ọjọ́rú kejì pé, Cornelius dé. Ó gba omi tútù, ó da gàrí sí i, ó mu abọ́ méjì gbáko kó tó sọ̀rọ̀.

"Gàrí yín dáa. Ṣùgbọ́n gàrí tó dáa pọ̀ ní Yewa. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ra gàrí, kò sẹ́ni tó pè mí rí pé kí n má wá jẹ tòun. Ọmọ àwọn ẹlòmíì ni mo ń bọ́. Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti fẹ́ máa rà á."

Toheebat bú sẹ́kún. Ó kúnlẹ̀ síwájú Màmá Àṣíáwù.

"Màmá, ẹ ṣé. Ẹ ṣé tí ẹ ò lé mi. Ẹ gbé iṣẹ́ alukoro fún ẹlòmíì, mi ò ní bínú."

"Fún ta? Bí o ò bá ya fọ́tò, ṣé ojú àlá ni ọkùnrin yìí ìbá ti rí wa? Máa yà á lọ. Àmọ́ láti ọ̀sẹ̀ yìí, kó o tó ya fọ́tò gàrí, wàá kọ́kọ́ yan án."

Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Ajé ni Toheebat ń jókòó ti agbada, tí èéfín ń fi ojú rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, tí àwọn ìyá sì ń fi í rẹ́rìn-ín pé ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ bí ọwọ́ ìyàwó tuntun. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún èéfín ọ̀hún, ó sì ń dúpẹ́ fún àwọn tó jẹ́ kó jókòó níbẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, ó kọ̀wé ránṣẹ́ sí Cornelius lórí fóònù, láìfi fọ́tò kankan sí i: "Àpò mẹ́fà ti pé. Ìkeje kò tíì gbẹ dáadáa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa di ọ̀túnla."

Kò tíì nu ọwọ́ tán tí èsì fi wọlé. Ó kà á sókè fún gbogbo wọn: "Ó dáa. Bẹ́ ẹ bá ti ní ó gbẹ, mo mọ̀ pé ó gbẹ nìyẹn."

Màmá Àṣíáwù ní kó tún un kà.