Abẹ́rẹ́ Tí Alágbàfọ̀ Kò Gbà

Kò sí àbààwọ́n ẹ̀jẹ̀ tí Alágbàfọ̀ ò lè fọ̀ kúrò lára aṣọ. Omi tútù, iyọ̀, sùúrù, aṣọ á sì funfun bíi lékeléke. Tara rẹ̀ ló wá ń fọ̀ jù. Bí nǹkan oṣù rẹ̀ bá ti dé, kì í fẹ́ lọ mọ́, òyì á sì máa kọ́ ọ nídìí áyọ́ọ̀nù.

Dókítà obìnrin kan fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀. Ìju ni, kókó bíi mẹ́rin nínú ilé ọmọ, èyí tó tóbi jù tó ọsàn.

"Iṣẹ́ abẹ la ó fi yọ wọ́n, ilé ọmọ á sì wà níbẹ̀," ni dókítà wí. "Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ yín ti lọ sílẹ̀ jù. Ẹ máa kọ́kọ́ gba abẹ́rẹ́ lóṣooṣù. Á dá nǹkan oṣù dúró, kókó á sún kì, ẹ̀jẹ̀ á gòkè. Tẹ́ ẹ ò bá rí nǹkan oṣù, ẹ má rò pé oyún ni o. Abẹ́rẹ́ ni."

Alágbàfọ̀ ní òun ti gbọ́. Ó gbọ́ lóòótọ́. Ta ló sọ pé àìgbọ́ ni ìṣòro ọmọ aráyé?

Ó gba ti àkọ́kọ́, nǹkan oṣù sì dá. Ìyá ọkọ rẹ̀, tí wọ́n jọ ń gbélé, tí ojú rẹ̀ kì í kúrò lára okùn aṣọ, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ìyàwó mi, n ò rí àkísà tó o máa ń sá mọ́."

Ibi tó yẹ kó ti sọ pé abẹ́rẹ́ ni nìyẹn. Ẹnu ò gbà á. Látìgbà tó ti wọlé ọkọ, ohùn ìyá yìí ò dùn báyìí rí. Ó rẹ́rìn-ín, ó wolẹ̀. Ìyá náà kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì tútù, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Láti ọjọ́ náà, wọn ò jẹ́ kó gbé korobá omi mọ́. Ooru ṣáà ń mú un lójijì, ó ń rẹ̀ ẹ́, ikùn rẹ̀ le. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ bo ikùn tó bá fẹ́ sùn. Nígbà tí ọjọ́ abẹ́rẹ́ tún pé, ó múra tán, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Abẹ́rẹ́ tó lè dá ẹ̀jẹ̀ dúró, kí ni kò ní ṣe fún ọmọ? Ó bọ́ bàtà, ó padà sídìí aṣọ oníbàárà. Obìnrin yìí, kí lo fi ara rẹ ṣe yìí?

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ máa padà, ó ya bí omi ẹ̀rọ, ó rin aṣọ oníbàárà tó wà nílẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ sáré gbé e lọ sọ́sípítù.

"Má bẹ̀rù, oyún á dúró," ló ń sọ lọ́nà.

Dókítà wo ẹ̀rọ títí.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò wá gba abẹ́rẹ́?"

"Mo rò pé mo ti lóyún ni."

"Ṣebí mo sọ fún yín."

"Ẹ sọ ọ́, mà."

Dókítà mí kanlẹ̀. "Kò sọ́mọ níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tá a kó jọ ti tún lọ. A máa fa ẹ̀jẹ̀ sí yín lára, a ò sì lè dúró mọ́, ọ̀la ni iṣẹ́ abẹ. Tí ẹ̀jẹ̀ ò bá dá, gbogbo ilé ọmọ la máa yọ. N ò ní tàn yín. Àfàìmọ̀ ká má yọ ọ́."

Nọ́ọ̀sì ní kó jókòó síta títí bẹ́ẹ̀dì kan á fi ṣófo. Ìyá ọkọ rẹ̀, tó ti ń dúró dè é níta látàárọ̀, dìde lórí bẹ́ǹṣì. Báàgì ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ló nawọ́ sí.

"Gbé e wá. Ẹni tó gbọ́mọ sínú kì í gbẹ́rù."

Alágbàfọ̀ gbé báàgì náà fún un.