Àmù Tó Ń Làágùn

Ẹ má bi mí pé irú ọkọ wo ni mo fẹ́. Ẹni tí ìbéèrè kì í tán lẹ́nu ẹ̀ ni mo fẹ́, òun ló sì sọ èmi náà dà bó ti dà.

Jàbárù lorúkọ ẹ̀, ará Ògbómọ̀ṣọ́. Tíṣà jọ́gíráfì ni ní Kubwa níbí títí ó fi fẹ̀yìn tì. Èmi Ràdíátù, ọmọ Ìlọrin ni mí, àǹkárá ni mò ń tà ní ọjà Wúsè. Bí mo bá ti ọjà dé, tí ẹsẹ̀ ń ro mí, tí mo gbé oúnjẹ síwájú ẹ̀, kò ní jẹ. Á mú àlùbọ́sà kan nínú ọbẹ̀, á gbé e sókè. "Ìyá Balkis, ṣé o mọ ibi tí orúkọ eléyìí ti wá? Ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá ni. Àwọn Haúsá gbà á lọ́wọ́ wọn, àwa náà gbà á lọ́wọ́ Haúsá. Wo bó ti rìn tó kó tó dé inú ọbẹ̀ ẹ." Èmi á ní, "Bàbá Balkis, ẹ jẹ ẹ́, kí ìrìn ẹ̀ lè parí." Á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú ẹ̀.

Kò sí ohun tí kò kàn án. Bí àgùàlà bá yọ nírọ̀lẹ́, á pe gbogbo ilé síta. "Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣebí ajá ẹ̀ ni. Irọ́ ni o! Ayé kan lọ́tọ̀ ni, tó gbóná ju inú ààrò lọ." Mẹ́rúwà tó ń ti omi kiri àdúgbò wa, kó ṣáà ti kí i ní "Sànnu" ni, wọ́n ti dọ̀rẹ́ nìyẹn, á bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ohun tí wọ́n ń pe ìràwọ̀ lábúlé wọn. Ìwé wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ìwé wà lórí fíríìjì, ìwé wà nínú àpótí aṣọ mi. Mo máa ń bínú. Mo sì máa ń gbádùn ẹ̀, kí n má purọ́. Lọ́jọ́ tí kò bá bi mí ní nǹkan kan, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi.

Kíndìnrín ẹ̀ ló kọ́kọ́ daṣẹ́ sílẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e lọ síbi ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Dókítà ní kó má mumi púpọ̀ mọ́, kọ́ọ̀bù kékeré kan láàárọ̀, ọ̀kan nírọ̀lẹ́, nítorí omi tí kò bá rọ́nà jáde lára ẹ̀ lè pa á. Nínú ooru Àbújá! Èmi ni wọ́n fi kọ́ọ̀bù náà lé lọ́wọ́. Ọkọ mi á la ètè ẹ̀ tó gbẹ, á ní, "Wọ́tà Bọ́ọ̀dù, ẹ ṣí i fún wa díẹ̀ sí i." Mà á jágbe mọ́ ọn pé kó ronú ara ẹ̀. Lẹ́yìn náà mà á wọ kíṣìnnì lọ sunkún. Àánú ẹ̀ ń ṣe mí, inú sì ń bí mi sí i, mi ò mọ èyí tí ǹ bá mú níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan ó ní omi fíríìjì ò tẹ́ òun lọ́rùn mọ́. "Bó bá jẹ́ kọ́ọ̀bù kan náà ni mo ní, ẹ jẹ́ kó jẹ́ omi àmù. Irú èyí tó wà ní yàrá ìyá mi, tó máa ń ta sánsán bí ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ sí." Mo wọkọ̀ lọ sí Ushafa lọ́dọ̀ àwọn tó ń mọ ìkòkò, mo ra ọ̀kan, mo gbé e lé itan títí dé ilé. Mo bu omi kún un, mo gbé e sí pálọ̀.

Nígbà tí mo máa fi ti ọjà dé lọ́jọ́ kejì, Balkis ti da omi inú ẹ̀ nù, ó ti fi ọ̀dà búlúù kun àmù láti orí dé ìdí. Ó ń dán yinrin. Balkis lọmọ kan ṣoṣo tá a bí, ó ń kàwé ní yunifásítì ní Gwagwalada, nítorí àìsàn bàbá ẹ̀ ló ṣe wálé. Ọmọ Àbújá ni. Ó ń gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ sọ ọ́, ahọ́n ẹ̀ á máa kọsẹ̀.

"Mọ́mì, ó ń jò," ló ní. "Gbogbo táìlì ti wet. Búlúù ni Dádì like."

"Yéè! Ta ló rán ẹ níṣẹ́? Ibo lo ti rí àmù tí wọ́n kùn lọ́dà rí?"

Bàbá ẹ̀ bú sẹ́rìn-ín lórí àga. "Má bá ọmọ wí. Ìbéèrè tó dáa ló bi wá yẹn. Ra òmíràn wá, má kun ìyẹn. Ká gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ká wo èyí tó máa tutù jù."

Balkis ní èyí tí wọ́n kùn ni, torí pé nǹkan kan ò jò lára ẹ̀. Èmi ní èyí tí wọn ò kùn ni, torí pé ìyá-ìyá mi ò kun tiẹ̀ rí, ṣùgbọ́n kẹ́nikẹ́ni má bi mí nídìí ẹ̀. "Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá Balkis?"

"Mi ò ní sọ. Ìwé ti sọ tiẹ̀, ọwọ́ wa ló kù tí ò tíì sọ. Ṣùgbọ́n inú èyí tó bá borí ni kẹ́ ẹ ti bu kọ́ọ̀bù ìrọ̀lẹ́ mi."

Ọjọ́ Sunday la ṣe é. Mi ò lọ sí Àsálátù. A pọn omi kún àmù méjèèjì láàárọ̀, a gbé wọn síbi òjìji ní fàráńdà, a gbé àga ẹ̀ síwájú wọn. Ó ṣòfin: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n títí a ó fi kírun Aláásárì. Inú ẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà, ó ti pẹ́ tí mo ti rí i bẹ́ẹ̀.

Balkis ń ka ìwé kan fún un lórí àwọn ẹyẹ tó ń fò kọjá aṣálẹ̀. Mò ń gbọ́ wọn láti kíṣìnnì. Kò jẹ́ kí ọmọ náà ka ìlà kan parí. "Dúró níbẹ̀. Ta ló ń sọ fún wọn pé wọn ò ṣìnà? Ṣé wọ́n ń sùn lójú ọ̀run?" Nígbà tó yá, ohùn Balkis nìkan ni mò ń gbọ́. Ó ṣí ojú ewé kan, ó ṣí òmíràn.

"Mọ́mì," ló pè mí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Dádì ò bi mí ní question mọ́."

Mo ti mọ̀ kí n tó ju ṣíbí sílẹ̀. Àga náà ló jókòó sí, ó kọjú sí àmù.

Ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun la ti wá, ọ̀dọ̀ ẹ̀ là ń padà sí. Saeed, àbúrò ẹ̀ tó ń gbé ní Jabi, sáré dé pẹ̀lú Alfa. A gbọ́dọ̀ sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ̀rọ omi ò yọ lọ́jọ́ náà, mẹ́rúwà ò sì kọjá. Saeed wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Omi ìwẹ̀ rèé kẹ̀!" Ó ti gbé abọ́, ó ń lọ sídìí àmù.

Balkis fò bọ́ síwájú wọn. "Ẹ má fọwọ́ kàn án! Aláásárì ò tíì tó! Dádì ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án!" Ahọ́n ẹ̀ ò kọsẹ̀ rárá. Àwọn èèyàn ń wo ara wọn, wọ́n rò pé ìbànújẹ́ ti yí i lórí. Saeed fẹ́ fà á kúrò.

"Fi ọmọ mi sílẹ̀!" Èmi ni mo pariwo bẹ́ẹ̀. Mo yíjú sí Alfa. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ jẹ́ ká kírun ná." Alfa wo oòrùn, ó wo ọmọ náà, ó ní kò burú.

A kírun tán. Èmi àti Balkis tọwọ́ bọ àmù. Ti búlúù lọ́ wọ́ọ́rọ́. Èyí tí wọn ò kùn tutù dé inú egungun, gbogbo ara ẹ̀ ń kán, ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀ tutù.

"Kò jò," Balkis ní. "Ó ń làágùn. Breeze ń gbé òógùn yẹn lọ."

"Òógùn yẹn sì ń gbé ooru lọ," ni mo dáhùn. Ó yé wa lẹ́ẹ̀kan náà. Ayọ̀ kan ta mí láyà, Ọlọ́hun dárí jì mí, mo yíjú síbi àga pé kí n sọ fún un. Wọ́n ti gbé e wọlé.

Alfa béèrè ẹni tí yóò bá wọn wẹ̀ ẹ́. Mo ní èmi ni. Ó ní ẹ̀tọ́ mi ni, ìyàwó lè wẹ ọkọ ẹ̀. Saeed fẹ́ bu ti búlúù.

"Rárá o. Ti tútù yẹn ni kó o bù."

Wọ́n gbé abọ́ ńlá lé mi lọ́wọ́. Alfa ní ká bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún. Ó ń ṣe mí bíi pé omi náà pọ̀ jù, bíi pé ẹnì kan máa sọ pé ó tó. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀. Mo da omi náà sí i lára, mo tún bu òmíràn, mo tún dà á, títí abọ́ fi ń ha ìdí àmù.

"Bàbá Balkis," ni mo sọ sí i létí, "èyí tó ń làágùn ló borí."

Mo sì dúró díẹ̀, kó bi mí pé kí ló fà á.