Òun Kọ́ Ló Lẹ̀ Ẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìjà Mouritala, kó lọ lẹ ìwé mọ́ ògiri ológiri. Ẹ bú u, á rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́ ẹ jẹ lọ́jà, á ní Ọlọ́run ń wò yín. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn gbé ìwé wá, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí kì í ṣe tirẹ̀, háà, ọjọ́ náà ni ẹ máa mọ̀ pé ọmọ Èjìgbò ni bàbá tó bí i.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti fi ń kun pátákó ní Adjamé, nílẹ̀ òkèèrè tí wọ́n ti ń sọ Faransé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Roxy. Òun ló ya eyín funfun ràgàjì sára ilé oníṣègùn eyín, òun ló kọ orúkọ sára àìmọye ṣọ́ọ̀bù, òun ló ń kọ àdúrà sí ìdí ọkọ̀ èrò gbaka kí dẹ́rẹ́bà tó lọ fi sáré pa ara rẹ̀. Bí oníbàárà bá ní kó kọ ọ̀rọ̀ tó bú ẹlòmíràn, á gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Á ní, "Ẹni tó ni ògiri ló ni ọ̀rọ̀ ara ògiri. Ṣé ìwọ lè dúró ti ọ̀rọ̀ yìí?" Gbogbo Roxy ló mọ gbólóhùn yẹn sórí. Àwọn ọmọdé fi ń ṣe yẹ̀yẹ́.

Samira ọmọ rẹ̀ ló gbé e dé orí kọ̀ǹpútà. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni, ó ń bá Chakirou ṣiṣẹ́ ní ilé ayélujára rẹ̀, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní cyber. Bàbá á sọ Yorùbá, ọmọ á fi Faransé dáhùn, wọ́n á sì gbọ́ ara wọn yé. Nígbà tí àròyé Mouritala sú Samira nílé, ó ní, "Papa, ẹ jẹ́ kí n ṣí page fún yín, kí ẹ máa lọ sọ ọ́ fún àwọn aráyé." Ni wọ́n bá ṣí i. *La parole du mur* ni wọ́n sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu ògiri. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, á jókòó ti ọmọ rẹ̀, á máa sọ, ọmọ á máa tẹ̀ ẹ́ ní Faransé.

Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ló ń sọ, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Ó ní kí ọmọ máa kúnlẹ̀ kí bàbá. Ó ní ẹni tó bá jó táyà lójú títì ń jó ọ̀nà tí òun fúnra rẹ̀ máa gbà délé. Ó ní àlejò tó bá ń dá sí ọ̀rọ̀ orí àga nílé onílé, ẹrù rẹ̀ ló ń dì. Ó ní àwọn ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti ilẹ̀ òkèèrè fẹ́ máa bá wa tọ́ ọmọ, bẹ́ẹ̀ wọn ò bá wa lóyún. Ti àwọn olóṣèlú ló tún wá ń bí i nínú jù, pé wọ́n ń fi eyín polówó ara wọn bí ọṣẹ. Àwọn kan ń kà á, wọ́n ń jó. Àwọn ọmọ yunifásítì ń kà á, wọ́n ń bú u. Inú rẹ̀ dùn sí méjèèjì.

Kò pẹ́ tí Samira fi sọ fún un pé ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà fẹ́ máa fi ìpolówó sí ẹ̀gbẹ́ page náà. Ìpolówó kẹ̀? Iṣẹ́ tirẹ̀ gan-an nìyẹn. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n òun gbọ́dọ̀ máa rí ohun tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ògiri òun. Samira ní ẹ óò máa rí i. Gbogbo Jímọ̀, kí wọ́n tó tẹ ọ̀rọ̀ kankan, á wọ awò ojú rẹ̀, á yẹ ẹ̀gbẹ́ page náà wò. Ọ̀dà ni wọ́n ń polówó níbẹ̀, ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì, nígbà míì tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú. Ó ní àwọn ará Amẹ́ríkà yìí kúkú mọ̀wà hù.

Ẹ jẹ́ kí n wá mú Lazare wọlé, nítorí òun ló ni ìtàn yìí. Ará Kétou ni, ọmọ ìjọ Ọlọ́run, télọ̀. Kíósíìkì rẹ̀ kọjú sí ti Mouritala, ogún ọdún ni wọ́n sì ti jọ ń jẹun nínú abọ́ kan. "Ẹ̀gbọ́n" ló ń pe Mouritala, Mouritala ń pè é ní "Àbúrò," kò sì sí ẹni tó rántí mọ́ pé wọn kì í ṣe ẹbí.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, ìdìbò kù dẹ̀dẹ̀. Ọkùnrin kan wà lórí àga, òmíràn fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ti ẹni kejì yìí sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ Adjamé ń ṣe. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Lazare pẹ́ dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, ó bá èrò níwájú kíósíìkì rẹ̀. Àwòrán ọkùnrin tó wà lórí àga ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, gbàǹgbà. Lazare ní, "Èmi kọ́ ni mo lẹ̀ ẹ́." Àwọn ọmọ Adjamé tó pé jọ náà ò da igi bò ó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n yíjú sí Mouritala, nítorí pé bí ọ̀rọ̀ bá di ti ògiri, òun ni adájọ́ Roxy.

Ẹ̀rù ló ba Mouritala, ẹ má jẹ́ kí a purọ́. Ṣùgbọ́n ìgbéraga náà wà níbẹ̀. Ojú gbogbo ọjà wà lára rẹ̀, gbólóhùn tó ti ń wí láti ọgbọ̀n ọdún ń dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó ni ògiri ló ni ọ̀rọ̀ ara ògiri."

Lazare wò ó. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ̀ mí. Èmi kọ́ ni mo lẹ̀ ẹ́."

Mouritala yíjú sí pátákó tó ń kùn. Wọ́n fọ́ kíósíìkì náà. Wọ́n ju ẹ̀rọ ìránṣọ méjèèjì sí gọ́tà, aṣọ àwọn oníbàárà tẹ̀lé e. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Lazare àti Estelle ìyàwó rẹ̀ ti kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n Estelle ní ìhà kejì ìlú, níbi tó jẹ́ pé ti ẹni orí àga ni wọ́n ń ṣe. Ìròyìn àwòrán náà ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀, wọ́n sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹ wá wo ayé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìyẹn ni Chakirou pe Mouritala sí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ó ní, "Bàbá, mi ò mọ̀ pé ẹ ti bọ́ sẹ́yìn ẹnì kan." Mouritala wọ awò ojú. Page rẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni, níbi tó ti kọ ọ́ pé ọba méjì kì í gbé ààfin kan. Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ náà, níbi tí òun ti máa ń rí ọ̀dà, ọkùnrin tó ń wá àga ló wà níbẹ̀, tó ń fi gbogbo eyín rẹ́rìn-ín, tí wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ẹ dìbò fún mi.

Ó sáré lọ sí kọ̀ǹpútà Samira. Ọ̀dà. Ó padà sí ti Chakirou. Eyín.

Chakirou ní kó jókòó. Ó ṣàlàyé fún un pé kì í ṣe ojú kan náà ni ògiri yẹn fi ń wo gbogbo ènìyàn. Ó ní, "Ohun tí ẹ̀rọ bá rò pé ẹ ń wá ló ń fi hàn yín. Ọ̀dà lẹ ń wá, ọ̀dà lẹ rí." Mouritala bi í léèrè ẹni tó lẹ̀ ẹ́. Ó ní kò sí ẹni tó lẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ ni.

Mouritala ní kí Samira kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ náà kíákíá. Èsì dé kí ó tó mu omi tán: wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì ní kó má fèsì sí lẹ́tà yìí. Wọn ò sọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Ọkùnrin tó ti ń bá ènìyàn jà lórí ògiri láti ọgbọ̀n ọdún ò rí ẹni bá jà. Ó ní kí wọ́n yọ ìpolówó náà kúrò pátápátá, Samira yọ ọ́.

Lazare ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ojú tì í débi pé kò lè jẹun. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun lọ kí òun dọ̀bálẹ̀ fún ọmọkùnrin yẹn, àgbà tàbí kò ṣàgbà. Ó ní ní Sátidé tó ń bọ̀ ni. Sátidé dé, ó ní òtútù mú òun. Òmíràn dé, ó ní òun ò mọ bí òun ṣe máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Nígbà tó fi máa mọ bí òun ṣe máa bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin méjì ti búra sípò kan ṣoṣo, ìbọn ti ń dún, kò sì sí ẹni tó tún ń ti Adjamé lọ sí ìhà kejì mọ́.

Oṣù kẹta ọdún 2011 ni ẹ̀mí wá di ohun tí ènìyàn ń dì mọ́ ìgbátí. Wọ́n gbọ́ pé bọ́ọ̀sì kan máa kó àwọn ọmọ Yorùbá láti ẹ̀yìn ọjà Treichville lọ sílé, bóyá òun ló sì máa kẹ́yìn. Ìyá Samira ti ṣaláìsí, òun àti bàbá rẹ̀ nìkan ló kù. Wọ́n di báàgì méjì, wọ́n fẹsẹ̀ rìn. Ibi tí wọ́n ti dá wọn dúró, ní ìhà kejì ìlú, n kò ní dárúkọ rẹ̀, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ mọ ara wọn.

Táyà, tábìlì fífọ́, àwọn ọmọkùnrin tó mú àdá. Barrage ni wọ́n ń pe irú ibẹ̀. Olórí wọn, ọmọ kan tó dé fìlà pupa, gba ìwé ìdánimọ̀ Mouritala, ó ka orúkọ náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ki ọwọ́ bọ àpò ọ̀rá kan, ó yọ ìdì ìwé àwọn tí wọ́n ń wá jáde, ó ń ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fa ọ̀kan yọ. Page Mouritala ni, ẹnì kan ti tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé kó tó di pé Samira yọ ìpolówó náà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn, orúkọ rẹ̀ nìyẹn, eyín náà nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Mouritala bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ẹ̀rọ, ọ̀dà, Amẹ́ríkà. Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń gbọ́ ọ létí ara rẹ̀ pé irọ́ ni ó jọ. Samira dì mọ́ apá aṣọ rẹ̀.

Ọmọ náà ò tilẹ̀ gbọ́ tirẹ̀. Ó pariwo sẹ́yìn, bí ẹni ń pe àbúrò bàbá rẹ̀, pé, "Tonton Lazare, wá wò ó. Ṣebí ìwọ lo mọ àwọn ará Roxy."

Orí táyà kan ni Lazare ti dìde. Ó ti rù, irùngbọ̀n ti bò ó. Gbogbo ọkùnrin àdúgbò náà ni wọ́n ń fi tipátipá yan sí ẹnu barrage, ọjọ́ tirẹ̀ ni ọjọ́ yẹn. Ó gba ìwé náà, ó kà á látòkè dé ìsàlẹ̀. Ọkàn Mouritala ti kà á ṣáájú rẹ̀. Ó ti mọ gbólóhùn tí ó máa jáde. Òun ló kọ́ gbogbo ayé, kò sì sí ohun tó máa fi jà á níyàn.

Lazare gbójú sókè. Faransé ló fi sọ ọ́, kí gbogbo wọn lè gbọ́. Ó ní ògiri rẹ̀ ni lóòótọ́. Ó ní, "Òun kọ́ ló lẹ̀ ẹ́."

Onífìlà pupa bi í bó ṣe mọ̀.

"Mo mọ̀ ọ́n ni," Lazare ní.

Wọ́n wò ó tìyanu tìyanu. Ọ̀kan nínú wọn ní ẹni tó bá ń gbèjà ọlọ̀tẹ̀, ọlọ̀tẹ̀ ni. Olórí wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní kò burú, bí Tonton bá mọ inú bàbá yìí tó bẹ́ẹ̀, kó jókòó kó dáhùn ní ipò rẹ̀. Ó ju ìwé ìdánimọ̀ náà sí Mouritala láyà, ó ní kó máa lọ. Wọ́n ti ń fa Lazare padà lọ sórí táyà.

Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu Mouritala. Ó lè sọ pé ẹ fi í sílẹ̀, èmi ni mo ni ògiri mi. Ó kéré tán, ó lè sọ pé àbúrò, jọ̀ọ́, dárí jì mí. Samira ń fà á, ó ń sọ pé, "Papa, on y va," pé kí àwọn máa lọ. Lazare fi àgbọ̀n ṣàpẹẹrẹ ọ̀nà fún wọn. Mouritala lọ. Ó gbé báàgì, ó mú ọmọ rẹ̀, ó lọ, kò sì wẹ̀yìn.

Ìparí oṣù karùn-ún ni fóònù dún ní Èjìgbò. Estelle ni. Ó ní wọ́n ti rí Lazare, lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ kan, wọ́n fi bàtà rẹ̀ dá a mọ̀. Wọ́n ti sin ín. Kò sunkún, ẹkún ti tán lójú rẹ̀. Ó ní ẹnì kan sọ fún òun pé Ẹ̀gbọ́n wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, pé ohun kan ṣoṣo ni òun fẹ́ mọ̀.

"Kí ló sọ kẹ́yìn?"

Òtítọ́ ni Mouritala fẹ́ sọ, ó sì sọ ọ́.

"Ó ní òun kọ́ ló lẹ̀ ẹ́."

Nígbà tí Estelle máa sọ̀rọ̀, ẹkún tó ní ó ti tán ti padà dé. "Títí dọjọ́ yẹn. Títí dọjọ́ yẹn ló ṣì ń sọ ọ́, pé òun kọ́. Láti oṣù kẹwàá, ṣé ẹ mọ̀ pé lójú oorun pàápàá ló ń sọ ọ́?"

Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé Mouritala ohun tí ẹnu òun ṣe. *Òun.* Lẹ́nu Lazare, Mouritala ni. Láti ẹnu Mouritala dé etí Estelle, ó ti di Lazare fúnra rẹ̀, tó ń bẹ̀bẹ̀ nítorí àwòrán ara ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí ó bá dárúkọ ara rẹ̀ ni, kì bá tí rí bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn kan péré ló kù kí ó sọ, pé rárá o, aya Lazare, ọ̀rọ̀ mi ló ń sọ, èmi ló gbà là, èmi ni mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ó la ẹnu.

Estelle ti ṣáájú rẹ̀. "Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣeun tí ẹ gbà á gbọ́ nígbẹ̀yìn."

Mouritala di fóònù náà mú. Ó dáhùn bí gbogbo wa ṣe máa ń dáhùn ọpẹ́. Ó ní kò tọ́pẹ́.