Ìbéèrè Mẹ́wàá Lábẹ́ Agboòrùn

Gbogbo Sọ́ńdè ni mo máa ń ṣí agboòrùn mi sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọgbà ìgbafẹ́ tó wà láàárín ìlú Shanghai, kì í sì í ṣe tìtorí òjò. Ìwé tí mo lẹ̀ mọ́ ọn ni kókó: "Obìnrin, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ó ga níwọ̀n, ó ti gboyè kejì ní yunifásítì, ó ń wá ọkọ." Ruolan ọmọ mi nìyẹn. Àwa òbí tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ pọ̀ bí nǹkan míì.

Òun ò kúkú mọ̀, àfìgbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ya ìwé náà ní fọ́tò, tó fi ránṣẹ́ sí i ní ìlú Hangzhou tó ń gbé. Láti oṣù kejì, tí mo bá pè é, kì í gbé e. Àjọ̀dún òṣùpá, tí ìdílé máa ń péjọ, ti ń sún mọ́lé, ẹ̀rù sì ń bà mí pé èmi nìkan ni màá jókòó ti àkàrà òṣùpá, ìyẹn kéèkì àjọ̀dún náà, lọ́dún yìí. Síbẹ̀, mi ò gbé agboòrùn mi kúrò. Ọ̀dọ̀ mi ni Ruolan ti jogún agídí.

Ní Sọ́ńdè kan nínú oṣù keje, mo rí i tí èrò pé lé ọmọbìnrin kan lórí. Milagros lorúkọ ẹ̀, ọmọ Peru, ó wá kọ́ èdè wa ní yunifásítì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Òun náà ti ṣí agboòrùn, ó sì kọ̀wé sí i: "Obìnrin, ogún ọdún, kò nílé. Ó ń wá ẹni tó máa bá a sọ̀rọ̀."

Bàbá Qiu, tóun náà ń wá ìyàwó fọ́mọ rẹ̀, ló wà níwájú. "Ọmọ mi nílé! Yàrá méjì! Ṣé o mọ oúnjẹ sè?"

Òógùn ti bo ọmọ ọlọ́mọ. Mo já wọ àárín wọn. "Bàbá Qiu, ẹ fi í sílẹ̀ jàre! Bí orí ọmọ yín ṣe ń dán tó yẹn, ṣé ẹ fẹ́ kó máa tàn dé Peru ni?"

"Ẹ̀yin náà, ẹ lọ wá ọkọ fọ́mọ yín!"

Mo fa ọmọbìnrin náà jókòó. "Ta ló ní kó o wá síbí?"

"Tíṣà wa ní ká wá àgbàlagbà kan, Àǹtí, ká bi í ní ìbéèrè mẹ́wàá nípa ẹni tó mọ̀ dáadáa. Mo rí i pé níbí, ẹni tó bá ń wá nǹkan, orí agboòrùn ló ń kọ ọ́ sí. Lèmi náà bá kọ tèmi."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. "Bi mí nípa Ruolan ọmọ mi. Ta ló mọ̀ ọ́n jù mí lọ?"

Ó mú bírò. "Kí ló máa ń pa á lẹ́rìn-ín?"

"Ó gboyè kejì..."

"Ìyẹn wà lórí ìwé yín, Àǹtí."

"Ó ga níwọ̀n."

"Ìyẹn náà wà níbẹ̀."

Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ńṣe ló tẹjú mọ́ mi, ó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́. Ó bọ́ sí ìkejì: "Tínú ẹ̀ bá bà jẹ́, kí ló máa ń sè?"

Mo wo ìwé orí agboòrùn mi; kò sí níbẹ̀. Bàbá Qiu tó ń ṣe ọ̀fíntótó na ọrùn kó lè gbọ́ ìdáhùn mi. Ojú tì mí gan-an.

"Fún mi níwèé ìbéèrè yẹn," ni mo wí. "Padà wá lọ́la."

Nígbà tí mo délé, mo gba ohùn mi sílẹ̀ lórí fóònù, mo fi ránṣẹ́ sí ọmọ mi: "Ruolan, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkọ o. Kí ló máa ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

Mi ò tíì gbé omi tíì kaná tí fóònù fi dún.

"Màmá, ta ló ní kẹ́ ẹ béèrè?"

"Ọmọ Peru kan tó ń kọ́ èdè wa. Ó bi mí, mi ò mọ̀ ọ́n."

Kó má bàa gé fóònù mọ́ mi létí, mo yára bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn agboòrùn Milagros fún un. Nígbà tí mo dé ibi orí ọmọ Bàbá Qiu, Ruolan bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ gbẹ̀yìn débi pé mo ti gbàgbé pé bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń rẹ́rìn-ín ló ṣe ń rẹ́rìn-ín.

Mo já ìwé kúrò lára agboòrùn, mo yí i padà, mo kọ ìdáhùn àkọ́kọ́ sẹ́yìn rẹ̀.

"Màmá," ni Ruolan wí, "kí ni ìkejì?"