Kẹ̀kẹ́ Mi Kúnlẹ̀ Kí Màmá

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí n tó gbàgbé. Èmi àti kẹ̀kẹ́ arọ mi la lọ gbafẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan létí òkun. Bí mo ṣe ń yí táyà lọ sí yàrá mi, bẹ́ẹ̀ ni kápẹ́ẹ̀tì ń di iyanrìn. Màmá wa olóògbé ló jókòó lẹ́nu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ mi lọ́wọ́ wọn. Ojú tì mí, torí n kò lè kúnlẹ̀ kí wọn mọ́. Ni kẹ̀kẹ́ bá ká táyà rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn bí ẹsẹ̀, ó kúnlẹ̀, èmi náà lórí rẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, mà.”

Wọ́n gbọ́wọ́ lé mi lórí. “O káre, ọmọ mi. Dìde.”

Mo fọwọ́ ti ilẹ̀, mo ń dìde bọ̀, ni mo bá jí.